Pẹ́ńsù kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó di sígidi

Ẹni ọdún 42 ni ọkùnrin náà. Oṣù Keje ọdún 1982 ni wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú San Jose, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà. Kò lè sọ̀rọ̀ tó yéni. Agbára káká ló fi ń mira. Ojú rẹ̀ ranjú mọ́ ibì kan, kì í sábà ṣẹ́jú, awọ ojú rẹ̀ ń dán fún ọ̀rá, itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí ẹ bá bá a lórí ìjókòó, ẹ ó rò pé sígidi ni wọ́n mọ síbẹ̀.

Schizophrenia ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, irú èyí tó ní catatonia nínú. Ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi. Láti ọdún 1874 ni dókítà ará Jámánì kan, Karl Kahlbaum, ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tó ń jókòó gan bí igi, tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀ tí wọn ò ní fèsì, ó sì sọ àìsàn náà ní catatonia. Nígbà tó yá, àwọn tó tẹ̀ lé e kó o pọ̀ mọ́ schizophrenia, ibẹ̀ ló sì jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá wá gbé ẹnì kan dé tó ṣàdédé dákẹ́, tí ara rẹ̀ gan, tí oògùn olóró sì ti di bárakú fún un, kí ni dókítà á kọ́kọ́ rò? Èmi náà ì bá pè é bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ìtàn ọkùnrin yìí ni mo sì máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n tó fọwọ́ kan síríńjì. Ohun kan ni mo fẹ́ kí wọ́n mú níbẹ̀: èrò lè pé pérépéré nínú ọpọlọ, kó má sì rí ọ̀nà jáde.

William Langston ni olórí àwọn dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Santa Clara Valley Medical Center nígbà náà. Òun àti dókítà Phil Ballard ló yẹ ọkùnrin náà wò dáadáa. Tó bá jẹ́ catatonia, bí ẹ bá gbé apá aláìsàn sókè, ó lè dúró síbi tí ẹ fi í sí, àfi bí ìda. Ti ọkùnrin yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ká apá rẹ̀ ní ìgúnpá, ńṣe ló ń wá ní ìdákúrekú, kì, kì, kì, bí jíà kẹ̀kẹ́ tó ń gbé eyín kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n tún fi ìka kàn án láàárín ojú méjèèjì, níbi tí imú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò lára ọmọ yín nílé: á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́yìn ìyẹn ojú á mọ̀ pé ìka lásán ni, kò ní ṣẹ́jú mọ́. Ojú ọkùnrin yìí ò mọ̀. Iye ìgbà tí wọ́n bá kàn án náà ni yóò ṣẹ́jú.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí, àrùn Parkinson ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n àrùn àgbàlagbà ni Parkinson. Ọwọ́ kan á kọ́kọ́ máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, ọdún á gorí ọdún kó tó gbé èèyàn dè. Ta ló gbọ́ Parkinson tó dé láàárín ọjọ́ mélòó kan?

Wọ́n wá kíyè sí i pé ìka rẹ̀ ń mira díẹ̀. Wọ́n ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì fi bébà sábẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́. Pẹ́ńsù náà ń rìn bí ìgbín, ṣùgbọ́n ohun tó kọ kì í ṣe ìsọkúsọ. Ó ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe òun gan-an. Òun mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, àmọ́ kì í jáde bó ṣe yẹ kó jáde. Bébà yẹn nìkan ti tó láti wó ọ̀rọ̀ schizophrenia lulẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbé e ká, ó ń gbọ́, ó ń mọ̀ ọ́n lára, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ létí. Bí mo bá sọ ibi yìí dé etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì máa ń dákẹ́. Ó yẹ kó dákẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí obìnrin tí ọkùnrin náà ń fẹ́. Bákan náà ni tirẹ̀ rí. Ní Watsonville, ìlú kan tí kò jìnnà sí wọn, dókítà James Tetrud ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì lọ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn gan lójijì. Nígbà tí àwọn dókítà forí korí, ohun kan ló pa gbogbo wọn pọ̀: gbogbo wọn ló gún abẹ́rẹ́ ohun kan tí wọ́n ń tà nígboro bíi heroin tuntun. Ó dá Langston lójú pé ìyẹ̀fun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó kó àwọn oníròyìn jọ, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ìlú lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ kó má ṣe gún un. Àwọn mìíràn tó ti gún un sì jáde wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yọjú tẹ́lẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n rántí àpilẹ̀kọ kan tó jáde lọ́dún 1979 nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ọpọlọ, èyí tí èèyàn díẹ̀ ló kà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ni wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀, ọmọ ọdún 23. Ní 1976, ó ń po oògùn kan fún ara rẹ̀ nílé, èyí tí orúkọ rẹ̀ kúrú sí MPPP. Oògùn yẹn jọ pethidine, oògùn ìrora tí a ń gún fún àwọn aboyún tó ń rọbí, ó sì lágbára jù ú lọ. Láti ọdún 1947 ni oníkẹ́mísìrì kan, Albert Ziering, ti ṣe é ní ilé iṣẹ́ Hoffmann-La Roche, ṣùgbọ́n wọn ò tà á rí. Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó, ó sì ti pò ó tí kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan ó kánjú. Ó gé ọ̀nà kúrú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ara rẹ̀ gan, ohùn rẹ̀ sì lọ.

Kí ni wọ́n pe tirẹ̀ náà? Schizophrenia oní-catatonia. Wọ́n fún un ní haloperidol, oògùn tí a fi ń tọ́jú schizophrenia, wọ́n fi iná mànàmáná gbá a lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kò gbọ́. Ìgbà tí ẹnì kan ronú sí Parkinson tí wọ́n fún un ní L-dopa, oògùn Parkinson, ni ara rẹ̀ tó tú. Àwọn onímọ̀ ní Bethesda lọ kó àwọn ìgò tó fi ń po oògùn náà, wọ́n pò ó bí òun ṣe pò ó, wọ́n gún un fún eku. Àwọn eku náà gan díẹ̀, wọ́n sì dìde, wọ́n ń sáré kiri. Ìyẹn dín ìfura wọn kù. Ní 1978, kokéènì pa ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọpọlọ rẹ̀ wò, ibi tí wọ́n ń pè ní substantia nigra ti run.

Ibẹ̀ kéré gan-an. Ó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ọ̀tún àti òsì, àwọ̀ rẹ̀ dúdú nítorí ohun kan tó ń kóra jọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí a ṣe ń dàgbà; ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn fi túmọ̀ sí ohun dúdú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ló ń fi dopamine, èròjà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ránṣẹ́ sí àárín ọpọlọ, kí èrò tó wà nínú orí lè di ìṣísẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí dopamine bá tán níbẹ̀, ọwọ́ ò ní gbọ́ ohun tí orí sọ mọ́.

Ian Irwin, oníkẹ́mísìrì tó ń bá Langston ṣiṣẹ́, yẹ ìyẹ̀fun tí méjì nínú àwọn aláìsàn náà gún wò. MPPP inú rẹ̀ ò ju bíńtín lọ. Ohun tó kún ibẹ̀ ni MPTP, ìdọ̀tí tó máa ń yọ nígbà tí ẹni tó ń po MPPP bá kánjú tàbí tó bá jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó rà á rò pé heroin lòun rà. Ó san owó, ó sì gún pàǹtírí ilé ìdáná sára. Wọ́n tẹ ìròyìn mẹ́rin nínú àwọn aláìsàn náà sínú ìwé ìròyìn Science ní oṣù Kejì ọdún 1983.

Èyí ni kì í jẹ́ kí n lè sọ ìtàn yìí bí ìtàn òyìnbó lásán. Ìwádìí ìjọba tó jáde ní 2019 sọ pé ó tó mílíọ̀nù 14.3 àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ìhà gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, níbi tiwa, ló sì pọ̀ jù sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá fún wa nítorí kólórádò, ẹ bi wọ́n pé kí ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí ẹni tó tà á pè é ni wọ́n mọ̀.

Kí wá ni MPTP ṣe gan-an? Òun fúnra rẹ̀ kì í pa sẹ́ẹ̀lì. Ó wọ inú ọpọlọ wẹ́rẹ́ nítorí ó máa ń yọ́ nínú ọ̀rá. Ẹ́ńsáìmù kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MAO-B á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, MPP+. Nǹkan yìí ló lóró. Ó jọ dopamine tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn tí àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine fi ń kó ẹrù wọn padà sílé fi ń ṣí fún un. Bó bá wọlé, ó kọjá tààrà sí mitochondria, ilé ìdáná sẹ́ẹ̀lì, ó sì pa iná ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi pa gbogbo ọpọlọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní ilẹ̀kùn yẹn ló rí wọ̀. Olè tó wọ aṣọ ọmọ onílé ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fún ọ̀bọ ní oògùn tó ń dí MAO-B lọ́wọ́ kí wọ́n tó gún un ní MPTP, kò sí ohun tó ṣe ọ̀bọ náà.

Dopamine kan náà ló so gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti ń ta kókó. Ẹni tí heroin ti di bárakú fún, adùn tó ń wá kiri, dopamine ń bẹ nídìí rẹ̀. Ẹni tó ní schizophrenia, dopamine inú ọpọlọ rẹ̀ ń dà jù níbì kan. Ìdí nìyẹn tí oògùn bíi haloperidol àti chlorpromazine fi ń ràn án lọ́wọ́, wọ́n ń di etí tó ń gbọ́ dopamine. Ẹni tó ní Parkinson ò ní in mọ́. Ẹ wá ronú sí akẹ́kọ̀ọ́ Maryland yẹn: díẹ̀ tó ṣẹ́kù fún un ni haloperidol tún lọ dí.

Kódà láìsí MPTP, a máa ń fi ọwọ́ ara wa ṣe irú rẹ̀. Ìyá kan wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní wọ́ọ̀dù tí mo wà nígbà kan. Ọmọ náà ò tíì pé ogún ọdún, igbó ló ń mu kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń gún un ní haloperidol rèé. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn rẹ̀ gan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ sì ti tutù sínú abọ́. Ìyá náà wò ó títí, ó yíjú sí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, kí lẹ fi ṣe ọmọ mi? Ẹni tó ń pariwo ni mo fà lé yín lọ́wọ́. Ère lẹ fẹ́ dá padà fún mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Oògùn ló gan án. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ."

"Ó ń gbọ́ mi?"

"Ó ń gbọ́ yín, mà."

Ó bá fa àga, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì wúyẹ́wúyẹ́. Omijé yọ lójú ọmọ náà, ojú rẹ̀ ò sì yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú mi ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara aláìsàn ti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó ká ìgúnpá rẹ̀ wò. Artane la fún un, ọrùn rẹ̀ sì tú kí ilẹ̀ tó ṣú. (Artane yìí náà ti di ohun tí àwọn ọmọ ìta ń rà jẹ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Ọ̀nà tí L-dopa gbà dé ọwọ́ Langston gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í sì í sábà rántí rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ, igi tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn Yorùbá ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè látayébáyé, ẹbí igi kan ní Íńdíà ni. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń lò ó, ìwé náà jáde ní 1960. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú igi méjèèjì ni reserpine, tí wọ́n yọ láti ara ti Íńdíà ní 1952. Kí haloperidol tó dé, reserpine wà lára oògùn tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ káàkiri ayé, ara àwọn kan lára wọn sì ń gan bí ẹni tó ní Parkinson.

Ní 1957, Arvid Carlsson ní Swídìn gún ehoro ní reserpine. Àwọn ehoro náà wó lulẹ̀, etí wọn rọ̀ sílẹ̀, wọn ò mira. Ó wá gún wọn ní dopa, ohun tí ara máa ń sọ di dopamine. Láìpẹ́, etí nà ró, ehoro dìde, wọ́n ń wò yíká. Kò tíì sí ẹni tó ka dopamine sí nǹkan kan nígbà náà. Ohun tí ara kàn ń gbà kọjá kó tó ṣe nǹkan mìíràn ni wọ́n pè é. Ehoro Carlsson ló yí i padà, ó sì gba Nobel fún iṣẹ́ yìí ní 2000. Mi ò sọ pé babaláwo ló ṣàwárí dopamine o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó fún wèrè ní asofẹ́yẹjẹ tí wèrè náà rọlẹ̀, tí ara rẹ̀ sì gan, ohun tí Carlsson rí lára ehoro lòun náà rí.

Etí ehoro yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní San Jose. Wọ́n fún ọkùnrin wa ní L-dopa, ó mira, ó sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fún àwọn tó kù. Nígbà tí Ballard, Tetrud àti Langston fi kọ̀wé ní 1985, aláìsàn méje ni wọ́n tò. Ṣùgbọ́n wàhálà tí L-dopa máa ń gbà tó ọdún mélòó kan kó tó kó bá arúgbó tó ní Parkinson, kíákíá ló dé bá àwọn wọ̀nyí: ara á máa jó fúnra rẹ̀ nígbà tí oògùn bá pọ̀, á tún di igi nígbà tó bá lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ wò ó ná. Àwọn tí schizophrenia kò ṣe nígbà tí wọ́n pè wọ́n bẹ́ẹ̀, oògùn tó jí wọn ló tún fẹ́ mú wọn jọ ọ́. Bí dopamine bá wálẹ̀ jù, ẹ ó di sígidi. Bó bá ga jù, ẹ ó máa bá ẹni tí kò sí sọ̀rọ̀.

Ṣé ọgbọ́n orí wọn wá pé? Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí. Yaakov Stern àti Langston ṣe ìdánwò fún wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1985. Wọn ò ya dìndìnrìn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ bíi kíka orúkọ àwọn nǹkan tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà tẹ̀lé ara wọn, tàbí yíya àwòrán tó ní igun, wọ́n wà lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé. Ẹni tó bá ti bá àwọn aláìsàn schizophrenia ṣiṣẹ́ á mọ ìdánwò kíka orúkọ yẹn. Mo máa ń ní: "Ẹ ka orúkọ ẹranko fún mi títí ìṣẹ́jú kan á fi pé." Ẹni tí ara rẹ̀ dá á ní ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀, tí àwọn ti ilé bá tán, á yà sínú igbó: ẹtu, ìgalà, ọ̀yà, ẹfọ̀n, kìnnìún. Aláìsàn mi á ní ewúrẹ́, àgùntàn, á dákẹ́, á tún ní ewúrẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀yà. Ó jẹ ẹ́ lánàá. Yíyà kúrò lójú ọ̀nà kan sí òmíràn ni kò ṣeé ṣe fún un, iṣẹ́ iwájú orí nìyẹn, iwájú orí sì ń bá àárín ọpọlọ tó ń gba dopamine ṣiṣẹ́ ní àlọ àti àbọ̀. Bí a bá ba ìsàlẹ̀ jẹ́, òkè á lọ́ra.

Ó yẹ kí n sọ pé ìdánwò tí a kó wá láti ìta lè dá èèyàn lẹ́bi lásán. Ọ̀kan wà tí wọ́n máa ní kí aláìsàn máa yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún léraléra. Ní èdè òyìnbó, ìṣirò kan ni. Ní Yorùbá, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún rọrùn. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, orúkọ ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ sì tún ní kẹ́ ẹ yọ mẹ́rin kúrò nínú àádọ́rùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn ni mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìyọkúrò nínú ìyọkúrò! Mo ti rí dókítà tó kọ̀wé pé ọpọlọ bàbá kan ti ń ṣá nítorí pé ó pẹ́ lórí rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bàbá náà ń ṣe ìṣirò méjì fún ìkọ̀ọ̀kan tí dókítà ń ṣe.

Ní ti schizophrenia fúnra rẹ̀, ìyípadà tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ò jọ ti MPTP rárá. Ní 1976, Eve Johnstone, Tim Crow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Northwick Park, ní Lọ́ńdọ́nù, fi ẹ̀rọ sikáànù wo orí àwọn tó ti pẹ́ pẹ̀lú àìsàn náà, wọ́n sì rí i pé àwọn ihò tí omi ń gbà nínú ọpọlọ wọn fẹ̀ ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ. Àwọn tí ihò wọn fẹ̀ jù ni wọ́n sì ṣe dáadáa kéré jù nínú ìdánwò ọgbọ́n orí. Kò sí ibì kan tó run pátápátá. Ìyẹn ni MPTP fi wúlò fún wa tó bẹ́ẹ̀: ojú kan ṣoṣo ló bà jẹ́, ẹ lè fi ìka tọ́ka sí i.

Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fún ní MPTP kọ́ àwọn oníṣègùn ní nǹkan púpọ̀. Ní 1990, Mahlon DeLong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tipasẹ̀ wọn fi hàn pé bí wọ́n bá pa ẹnu ibi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní subthalamic nucleus mọ́, ara ọ̀bọ tó gan á tú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀ fún àwọn tó ní Parkinson lónìí. Ní Lund, ní Swídìn, wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ láti inú ọlẹ̀ sórí méjì nínú àwọn ará Kalifọ́níà wọ̀nyẹn. Ìròyìn tó jáde ní 1992 sọ pé ara wọn tú púpọ̀ láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Àwọn tó ń po oògùn tó jọ èyí tí òfin dè, àmọ́ tí òfin ò tíì mọ orúkọ rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ò ká wọn mọ́ títí di 1986.

Àwọn kan wà tó gún ìyẹ̀fun náà tí ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Donald Calne gbé mẹ́rin lára wọn sábẹ́ ẹ̀rọ PET, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iṣẹ́ tó ń lọ nínú ọpọlọ, ní Kánádà, èsì rẹ̀ jáde ní 1985: dopamine wọn ti lọ sílẹ̀, wọn ò kàn tíì mọ̀ ni.

Nígbà tó fi di 1999, mẹ́ta nínú àwọn tó gan lọ́jọ́ kìíní ti kú, Langston àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti yẹ ọpọlọ wọn wò. Ọdún mẹ́ta ni ẹnì kan lò lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ẹlòmíràn lo ọdún mẹ́rìndínlógún. MPTP kì í pẹ́ lára. Ó ti jáde tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, nínú ibi dúdú yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa ń kóra jọ síbi tí ọgbẹ́ bá wà ṣì pé jọ, wọ́n ń jẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì dopamine díẹ̀ tó ṣẹ́kù, bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gún un.